Osmo Vänskä: Adarí Olórin tí Igba Ojú Mọ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ara ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú èdè wa: gbajúmọ̀.

Àwọn àgbà a máa tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀ báyìí pé: igba ojú mọ̀ ọ́n. Igba tí wọ́n wí níhìn-ín kì í ṣe èyí tí a fi ọmọ ìka kà. Ohun tí ó pọ̀ tí kò lóǹkà ni wọ́n fi ń pè. Ẹni tí igba ojú bá mọ̀ ni gbajúmọ̀. Ṣùgbọ́n èdè wa kò fi mọ síbẹ̀. Bí a bá sọ pé gbajúmọ̀ ènìyàn ni ẹnì kan, kì í ṣe òkìkí rẹ̀ nìkan ni à ń wí. À ń wí nípa ìwà rẹ̀ pẹ̀lú, bí ó ṣe ń kí ènìyàn àti bí ó ṣe ń mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Ìbéèrè tí mo ń bi ara mi ni èyí: nínú igba ojú náà, ojú àwọn wo ni ó ṣe pàtàkì jù lọ?

Ẹni tí ó mú kí n máa ronú báyìí kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Ọmọ ilẹ̀ Fínlándì ni. Osmo Vänskä ni orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni dídarí ẹgbẹ́ olórin ńláńlá, irú èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní orchestra, níbi tí onígòjé, onífèrè, oníkàkàkí àti onílù ti ń jókòó pọ̀ lábẹ́ ọ̀pá adarí kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú orúkọ iṣẹ́ náà. Bí mo bá pè é ní kọ̀ńdọ́kítọ̀, ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò rí ọmọkùnrin tí ó fi ọwọ́ kan rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà dánfó, tí ó ń pe Ojúẹlẹ́gba, tí ó ń pe Ọ̀ṣòdì. Àwọn ará Fínlándì ń pè é ní kapellimestari, ọ̀rọ̀ tí ó ti èdè Jámánì wá, tí ìtumọ̀ rẹ̀ sì sún mọ́ ọ̀gá àwọn olórin. Èmi yóò máa pè é ní adarí olórin. Kí ẹ sì má ṣe rò pé bí ẹni tí ó gbé ìyá ìlù kọ́ èjìká ni ó rí. Òótọ́ ni pé onílù ìyá ìlù ń darí gúdúgúdú àti àwọn ìlù yòókù, ṣùgbọ́n òun náà ń lù, ohùn tirẹ̀ ni ó sì ń ròkè jù. Adarí olórin ti àwọn òyìnbó kì í mú ohùn kankan jáde. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó mú lọ́wọ́. Nínú bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó wà lórí pèpéle, òun nìkan ni kò dún. Ó tún kẹ́yìn sí àwọn tí wọ́n sanwó wá gbọ́ orin. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni igba ojú ń wò. Àwọn olórin tí ó ń darí nìkan ni wọ́n ń rí ojú rẹ̀.

Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n nìyí. Ní ìparí ọdún 2014, àbúrò mi kan tí ó ń gbé ní Minneapolis, ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, wá sílé fún ọdún Kérésìmesì, ó sì mú àwo orin méjì bọ̀ fún mi. Sínfónì Jean Sibelius ni ó wà nínú wọn, ìyẹn orin gígùn tí kò sí ẹni tí ń fi ẹnu kọ ọ́, tí ohun èlò nìkan ń sọ gbogbo rẹ̀. Ìkejì àti ìkarùn-ún wà nínú àwo kan, èkínní àti ìkẹrin sì wà nínú èkejì. Ẹgbẹ́ Minnesota Orchestra ni ó ṣe é, Osmo Vänskä ni ó sì darí wọn.

Mo fi èyí tí sínfónì èkínní wà nínú rẹ̀ sí ẹ̀rọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo gbé ohùn rẹ̀ sókè, síbẹ̀ kò yàtọ̀. Mo gbà pé àwo náà ti bàjẹ́ lójú ọ̀nà, mo sì gbé e tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tí ó di òru, tí iná ìjọba dé, tí jẹnẹrétọ̀ tiwa àti ti àwọn aládùúgbò sì dákẹ́, mo tún gbé e sí i. Ìgbà náà ni mo tó gbọ́ ọ. Ìlù ńlá kan ń kù jẹ́jẹ́ láti ọ̀nà jíjìn, fèrè kan sì ń dá sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni tí ó ń dá rin ọ̀nà oko kí ilẹ̀ tó mọ́. Fèrè tí wọ́n ń pè ní clarinet ni. Àwo náà kò bàjẹ́ rárá. Àriwo àdúgbò wa ni ó pọ̀ jù.

Lẹ́yìn náà ni mo wá mọ̀ pé fèrè yẹn gan-an ni Vänskä fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ orin. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 1953 ní Sääminki, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Fínlándì. Láti ọdún 1977 títí di 1982, ó wà lára àwọn aṣáájú onífèrè clarinet nínú ẹgbẹ́ Helsinki Philharmonic. Èyí túmọ̀ sí pé ó ti jókòó sórí àga olórin rí. Ó ti wo ojú adarí. Ó mọ bí ó ti ń rí nígbà tí ẹni tí ó di ọ̀pá mú bá mọ ohun tí ó ń ṣe, ó sì mọ bí ó ti ń rí nígbà tí kò bá mọ̀ ọ́n.

Ọ̀dọ̀ Jorma Panula, ní Sibelius Academy ní Helsinki, ni ó ti kọ́ iṣẹ́ adarí. Àwọn ènìyàn a máa béèrè ìdí tí ilẹ̀ Fínlándì, tí iye àwọn ará ibẹ̀ kò tó mílíọ̀nù mẹ́fà, tí Èkó nìkan sì pọ̀ jù ú lọ, fi ń bí adarí olórin bí ẹni ń da ẹ̀gúsí. Ọ̀pọ̀ ìdáhùn náà wà lọ́wọ́ bàbá yìí. Láti 1973 di 1993 ni ó fi jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀, lọ́wọ́ rẹ̀ sì ni Esa-Pekka Salonen, Jukka-Pekka Saraste, Sakari Oramo àti Mikko Franck ti kọ́ṣẹ́. Bí ó tilẹ̀ ti darúgbó, Klaus Mäkelä tí wọ́n bí ní 1996 ṣì bá a. Ọ̀nà ìkọ́ni rẹ̀ kò le. Kì í fi gbogbo ọjọ́ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ adarí; ó ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹgbẹ́ olórin láti darí lójú ẹsẹ̀. Bí ọ̀kan bá ń darí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù a jókòó láàárín àwọn tí ó ń lo ohun èlò. Wọn a ya fídíò rẹ̀, lẹ́yìn náà wọn a jọ wo àṣìṣe rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ẹ̀kọ́ ojú ni ẹ̀kọ́ náà: akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ bí òun ṣe rí lójú àwọn tí òun ń darí.

Ní ọdún 1982, Vänskä gba ipò kìíní nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ adarí ní Besançon, ní ilẹ̀ Faransé. Ẹlòmíràn ì bá ti wá ìlú ńlá lọ. Lahti ni òun lọ, ìlú kan tí ó tó nǹkan bí 100 kìlómítà sí Helsinki, tí iye ènìyàn inú rẹ̀ nígbà náà kò ju bí 100,000 lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1985 gẹ́gẹ́ bí adarí àlejò, ó di olórí adarí wọn ní 1988, kò sì kúrò títí di 2008. Ogún ọdún gbáko!

Ohun tí ó gbé orúkọ Lahti dé òkè òkun yẹ fún ìtàn. Ní 1904, Sibelius gbé orin kan jáde fún gòjé òyìnbó àti ẹgbẹ́ olórin. Orin náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tún un kọ, ti 1905 tí ó tún kọ náà sì ni gbogbo ayé mọ̀. Ti àkọ́kọ́ wà ní ìpamọ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Ẹgbẹ́ Lahti ni àwọn ẹbí Sibelius gbà láyè láti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, Leonidas Kavakos, ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì, sì ni ó ta gòjé náà. Àwo orin yìí gba ẹ̀bùn Gramophone ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1991. Láti ọjọ́ náà, àwọn tí kò lè tọ́ka sí Lahti lórí àwòrán ayé bẹ̀rẹ̀ sí ra àwo Lahti. Ní ọdún 2000, ìlú náà ṣí gbọ̀ngán tuntun tí wọ́n fi igi kọ́, wọ́n sì fi orúkọ Sibelius pè é.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí Sibelius jẹ́ sí àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Wọ́n bí i ní 1865, ó kú ní 1957. Abẹ́ ọba Rọ́ṣíà ni ilẹ̀ Fínlándì wà ní ìgbà èwe rẹ̀. Ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 1917 ni wọ́n kéde òmìnira. Nígbà tí àwọn aláṣẹ ń ti ìwé ìròyìn pa, orin rẹ̀ ń sọ ohun tí ìwé kò lè sọ. Nítorí náà, bí ọmọ Fínlándì kan bá ń darí Sibelius, ọ̀rọ̀ ilé baba rẹ̀ ni ó ń sọ.

Vänskä darí BBC Scottish Symphony láti 1996 di 2002, ó sì dé Minneapolis ní 2003. Iṣẹ́ kékeré ni ó fi ń bẹ ẹgbẹ́ náà wò, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ẹni tí ó bá a ṣiṣẹ́ ti mọ̀ ọ́n: kí ohùn jẹ́jẹ́ jẹ́ jẹ́jẹ́ ní tòótọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe farapamọ́ sẹ́yìn ẹnì kejì rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2010, wọ́n lọ ṣeré ní Carnegie Hall ní New York. Alex Ross, tí ó ń kọ̀wé nípa orin nínú The New Yorker, kọ ọ́ pé létí òun, ní alẹ́ ọjọ́ náà, bí ẹgbẹ́ olórin tí ó dára jù lọ láyé ni wọ́n ṣe dún. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ìlú tí òtútù rẹ̀ ń pa ènìyàn, tí kò sí ẹni tí ń fi orúkọ rẹ̀ búra nínú ọ̀rọ̀ orin, ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀. Bí òkìkí bá tó ènìyàn, èyí tó.

Ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀. Ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀ ní 2008, ìgbìmọ̀ aláṣẹ tí ó ni ẹgbẹ́ náà sì ní owó ń tán lọ. Wọ́n fẹ́ kí owó iṣẹ́ olórin kọ̀ọ̀kan, tí ó tó nǹkan bí 113,000 dọ́là lọ́dún, wá sílẹ̀ sí nǹkan bí 78,000. Àwọn olórin kọ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 2012, ìgbìmọ̀ tìlẹ̀kùn mọ́ wọn síta. Kì í ṣe pé àwọn òṣìṣẹ́ yanṣẹ́ lódì o. Àwọn agbanisíṣẹ́ ni wọ́n sé ilẹ̀kùn, tí wọ́n sì dá owó oṣù dúró. Ní àkókò kan náà, wọ́n ń ná nǹkan bí 50 mílíọ̀nù dọ́là láti tún gbọ̀ngán tí àwọn olórin náà kò lè wọ̀ ṣe. Àwọn olórin bẹ̀rẹ̀ sí ṣètò àpéjọ orin fúnra wọn níbòmíràn. Àwọn mìíràn kó ẹrù wọn lọ sí ìlú mìíràn.

Níbo ni Vänskä wà? Ó wà láàárín. Ìgbìmọ̀ ni ó gbà á síṣẹ́, àwọn olórin ni iṣẹ́ rẹ̀. Kò jáde sí ìta láti pariwo. Ní oṣù Kẹrin 2013, ó kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ pé wọ́n ti ní àdéhùn láti ṣeré ní Carnegie Hall ní oṣù Kọkànlá, pé ẹgbẹ́ olórin kò lè dé irú ibẹ̀ láìfi ara dánra wò, àti pé bí ọ̀ràn kò bá yanjú kí ìgbáradì tó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀, òun yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Oṣù ń gorí oṣù. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án, wọ́n fagi lé eré Carnegie Hall. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, Vänskä kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ni ó ti lò níbẹ̀.

Ní ọjọ́ 4 àti 5 oṣù Kẹwàá, àwọn olórin fúnra wọn ṣètò àpéjọ ìdágbére fún un ní gbọ̀ngán Ted Mann ti Yunifásítì Minnesota. Emanuel Ax wá tẹ dùùrù. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, Vänskä ní àwọn yóò fi orin kan kún un, ó sì bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má ṣe pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Valse triste ni, orin kékeré tí Sibelius kọ ní 1903 fún eré orí ìtàgé kan tí ń jẹ́ Kuolema. Ẹ̀yin olùfẹ́ èdè, kuolema ni ikú ní èdè wọn. Ìyá kan tí ó wà lórí àkéte àìsàn dìde, ó ń jó. Nígbà tí yóò fi mọ̀, Ikú ni ó wá mú un. Wọ́n ṣe orin náà tán, kò sì sí àtẹ́wọ́.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn mí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní sùúrù fún mi.

Ó lé ní ogún ọdún sẹ́yìn tí mo ń darí ẹgbẹ́ akọrin kan. N kò ní dárúkọ ibẹ̀. A ní bàbá kan tí ń tẹ dùùrù, a sì ní àwọn géńdé mẹ́ta tí ń fọn kàkàkí. Owó táṣẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń fún wọn lóṣooṣù fún owó ọkọ̀. Ní ọdún kan, àwọn alákòóso pinnu láti gé owó náà sí ìdajì, wọ́n sì ní ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìdánrawò, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá bá mi. Bàbá onídùùrù ni ó sọ̀rọ̀. Ó dàgbà jù mí lọ dáadáa, síbẹ̀ ọ̀gá wa ni ó ń pè mí. Ó ní, "Ọ̀gá wa, ẹ̀yin ni wọ́n máa gbọ́ tiyín." Bí ó ti ń sọ̀rọ̀, ìwé orin ni mo ń ṣí, bí ẹni pé mo ń wá orin kan. Mo ní n óò bá wọn sọ ọ́.

N kò bá wọn sọ ọ́. Àyájọ́ ọdún kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n sì ti ń gbèrò láti fún mi ní ìwé ẹ̀yẹ. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò wá mọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì. Wọ́n wá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń tẹ dùùrù lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọjọ́ àyájọ́ náà, gbogbo ilé dìde pàtẹ́wọ́ fún mi. Igba ojú mọ̀ mí lọ́jọ́ náà. Mo kẹ́yìn sí àwọn akọrin, mo tẹrí ba, ara mi sì yá gágá. Nígbà tí ó ṣe, mo pàdé bàbá náà lọ́jà. Ó kí mi tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa." Bí ó bá bú mi ni, ì bá sàn.

Ẹ wá rí ìdí tí ìtàn Vänskä fi gún mi lọ́kàn. Ẹnìkan lè sọ pé ọlọ́lá ni, pé kò sí ìlú tí kò ní pè é láti wá darí, pé fífi iṣẹ́ sílẹ̀ kò lè fi ebi pa á bí yóò ṣe pa onídùùrù tàbí onífèrè. Òótọ́ ni. Mo sì ti lo àwíjàre yẹn fún ara mi lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ní láti pàdánù ni ó fi lélẹ̀: ẹgbẹ́ tí ó ti fi ọdún mẹ́wàá tọ́, àti sínfónì Sibelius tí wọn kò tíì gba ohùn gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ tán. Èmi, ìwé ẹ̀yẹ kan ni.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, kò sí ẹni tí ó lè ṣèlérí rẹ̀ fún un. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kíní 2014, lẹ́yìn tí ó lé ní oṣù 15, ìgbìmọ̀ àti àwọn olórin fẹnu kò. Àwọn olórin gbà kí wọ́n gé owó wọn ní ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì sí i tí àwo sínfónì èkínní àti ìkẹrin, àwo tèmi yẹn gan-an, gba ẹ̀bùn Grammy. Ní oṣù Kẹta, wọ́n pe Vänskä wá láti darí orin kan náà. Àbúrò mi sọ fún mi pé òun ń kọjá lọ ní àárín ìlú lálẹ́ ọjọ́ kan, òun sì rí àwọn àgbàlagbà onírun funfun tí wọ́n ń ju àsíá Fínlándì, funfun àti búlúù. Òun rò pé eré bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń lọ wò. Orin ni wọ́n ń lọ gbọ́. Ní oṣù Kẹrin, wọ́n dá a padà sí ipò rẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ títí di 2022. Wọ́n parí àwo sínfónì Sibelius tó kù.

Ní oṣù Karùn-ún 2015, ó kó wọn lọ sí Havana ní Kúbà, ìlú tí bàtá àti orin òrìṣà wa ti la òkun dé láti ọjọ́ pípẹ́. Amẹ́ríkà àti Kúbà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni. Àwọn sì ni ẹgbẹ́ olórin ńlá Amẹ́ríkà tí ó kọ́kọ́ débẹ̀ lẹ́yìn ìlàjà náà. Àwọn aṣáájú wọn ti lọ síbẹ̀ rí ní 1929 àti 1930. Ní 2018, ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n bí Nelson Mandela, wọ́n lọ sí ìlú márùn-ún ní Gúúsù Áfíríkà. Wọ́n ṣeré ní ṣọ́ọ̀ṣì Regina Mundi ní Soweto, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń péjọ nígbà ìjàkadì. Wọ́n gbé orin tuntun Bongani Ndodana-Breen, ọmọ ilẹ̀ náà, dání. Harmonia Ubuntu ni orúkọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí wọ́n ti sé mọ́ta nílé ara rẹ̀ ni ó wá ń wọ ilé onílé báyìí.

Òkìkí àwọn adarí Fínlándì kò dín kù. Wọ́n ti yan Klaus Mäkelä fún Amsterdam àti Chicago lẹ́ẹ̀kan náà láti 2027, àwòrán rẹ̀ sì wà káàkiri. Mo ń gbádùn iṣẹ́ rẹ̀. Esa-Pekka Salonen ẹ̀wẹ̀ kéde ní oṣù Kẹta 2024 pé òun kò ní dúró ní San Francisco bí àdéhùn òun bá parí, nítorí pé ohun tí òun ń fẹ́ fún ẹgbẹ́ olórin náà àti ohun tí ìgbìmọ̀ ń fẹ́ kò bá ara mu. Ó lọ ní 2025. Ìtàn yẹn kò parí bí ti Minneapolis. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá dìde ni wọ́n ń fi àsíá pè padà.

Ní ọdún tó kọjá, mo mú àwo orin náà, mo lọ sílé bàbá onídùùrù. Ó ti di arúgbó, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. A dúró di ìgbà tí àdúgbò dákẹ́, a sì jọ gbọ́ fèrè yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ta ló ń fọn ọ́n?" Mo ní n kò mọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tí ó ń darí rẹ̀, mo sì sọ ìtàn náà fún un bí mo ti sọ ọ́ fún yín. Lẹ́yìn náà mo dọ̀bálẹ̀, mo tọrọ àforíjì. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá wa, ṣé ẹ ṣì ń rántí? Owó yẹn kọ́ ló dùn wá. Ojú yín ni mo ń wò lọ́jọ́ náà. Ẹ kò wo tèmi."

N kò ní èsì. Mo gbé orin náà sí i lẹ́ẹ̀kan sí i, a sì jókòó títí iná fi lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè yìí, bí ẹ bá tún rí ọ̀rọ̀ náà, gbajúmọ̀, ẹ má ṣe túmọ̀ rẹ̀ sí olókìkí nìkan. Ẹ béèrè ojú àwọn tí ó wà níwájú onítọ̀hún, nígbà tí àwọn tó kù ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó dìgbà kan ná o. Ire o.